NÍGBÀ TÍ A BÁ SAN GBÈSÈ TÁN: ṢÉ KÍ A TI ÌLẸ̀KÙN NÁÀ PA?

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ará wa ní Bassila àti Manigri, àti ibi gbogbo tí ìwé yìí bá dé.

Ibi kíkà: Àwọn Ọba Kejì 4:1–7, Mátíù 12:43–45, Òwe 22:26–27, Rómù 13:8.

Kókó ẹ̀kọ́: Gbèsè tí a san tán dà bí òkú. Bí a kò bá sin ín dáadáa, ajá yóò hú u.



  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá l'óṣù yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ ní iwájú pẹpẹ l'ójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Kí l'ó kan ìjọ nínú owó tí mo yá?" Ará, ó kan ìjọ o. Ẹni tí gbèsè dè mọ́lẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ fọ aṣọ funfun rẹ̀ tí ó mọ́ bí òwú, ara rẹ̀ nìkan l'ó gbé wá sí ilé Ọlọ́run. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà olówó. A ti rí ẹni tí ó ń bú s'ẹ́kún nínú àdúrà òru, tí a rò pé Ẹ̀mí l'ó gbé e, àṣé ọjọ́ tí yóò san owó l'ó kù sí ọ̀la.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó wà nínú gbèsè ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ l'ónìí. Ẹni tí ó ti bọ́ nínú rẹ̀ ni. Àwọn oníwàásù pọ̀ tí ń sọ fún ènìyàn pé kí ó san gbèsè. Àwọn tí ń sọ ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ kejì kò pọ̀.

1. ÌBÉÈRÈ ARÁBÌNRIN WA

Arábìnrin wa kan ní Manigri l'ó gbé ìbéèrè náà wá. Ó yá owó ní ilé ìfowópamọ́ kan, òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn tí wọ́n jọ ṣe ẹgbẹ́. Gààrí àti epo pupa ni ó ń tà. Ó san owó náà l'óṣooṣù fún ọdún kan gbáko. Nígbà mìíràn ebi pa á kí ó tó san, ṣùgbọ́n ó san. Ní ọjọ́ tí ó gbé owó ìkẹyìn lé orí tábìlì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó ní: "Màmá, ẹ kú oríire. Ṣé kí a kọ òmíràn fún yín ni, àbí kí a ti ìwé yín pa?"

Arábìnrin wa kò mọ èyí tí yóò sọ. Ó ní òun ń lọ bi àwọn àgbà òun. L'ẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ó wá bá wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, èwo ni kí n ṣe? Bí mo bá tì í, bí nǹkan bá dé ńkọ́? Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, mo mọ ara mi."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn: mo mọ ara mi. Ọgbọ́n ńlá l'ó wà níbẹ̀. A ó padà sí i.

Ìbá ṣe pé ìgbà kan ni, kíá ni à bá dá a l'óhùn. Ṣùgbọ́n l'ọ́jọ́ náà a dákẹ́, a wo ara wa l'ójú. A ní kí ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta kí a gbàdúrà. Ìdí tí a fi dákẹ́ ni a fẹ́ sọ yìí, bí ó tilẹ̀ ń tì wá l'ójú.

2. ÀṢÌṢE TIWA

Ní ìgbà kan rí, a wàásù gidigidi lórí gbèsè. A ní kí gbogbo ará tí ó bá ti san tán lọ ti ìwé rẹ̀ pa kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. A ní kí ó gba gbogbo owó rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, kí ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù. Gbogbo ìjọ kígbe "Àmín."

Arákùnrin wa kan l'ápá Bassila, tí ó ní oko kajú, gbọ́ ìwàásù náà, ó sì ṣe é bí a ti wí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ó ti ń bá ilé ìfowópamọ́ náà ṣe pọ̀, kò sì bà wọ́n l'órúkọ jẹ́ rí. Ó ti ìwé náà pa. Ó gba owó tí ó fi wọ ẹgbẹ́, ó gba èyí tí ó ń tọ́jú, ó sì ná an.

Ọdún náà kò parí tí ọmọ rẹ̀ fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Àkókò náà ni iṣu tuntun kò tíì jáde, tí owó kajú sì ti tán l'ọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni. Arákùnrin wa sáré padà sí ibi tí ó ti kúrò. Wọ́n kí i dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní àlejò ni báyìí: kí ó tún wọlé, kí ó kọ́kọ́ fi owó pamọ́ fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n tó lè yá a. Àìsàn kì í dúró de oṣù díẹ̀. Ó lọ bá ẹni tí ń ra kajú, ẹni náà fún un l'ówó l'ójú ẹsẹ̀, ó sì fi oko rẹ̀ dúró. Ọmọ náà yè, ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìkórè mẹ́ta l'ẹ́ẹ̀kan l'ẹ́ẹ̀kan ni ẹlòmíràn fi ṣa kajú l'ábẹ́ igi tí arákùnrin wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Ó wá bá wa. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin bàbá, ìwàásù yín ni mo ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá l'ára. A tọrọ àforíjì l'ọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ, a sì tún ń tọrọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. A fi ìtara kọ́ni, a kò fi ìmọ̀ kọ́ni. Ẹni tí yóò ti ìlẹ̀kùn fún ẹlòmíràn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú ilé.

3. ÌWÉ TÍ A FI SÍLẸ̀ NÍ ṢÍṢÍ

Nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀, àwọn kan yí sí apá kejì. Wọ́n ní, "Ó dára, ẹnikẹ́ni má ti ohunkóhun mọ́." Ẹ wo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde.

Obìnrin mìíràn nínú ìjọ wa wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin márùn-ún. Gbogbo wọn ṣe onígbọ̀wọ́ fún ara wọn. Ó san tirẹ̀ tán, inú rẹ̀ dùn, ó sì lọ sílé. Kò bèèrè ìwé kankan. Kò yọ orúkọ rẹ̀. Owó tí ó fi ṣe ẹ̀rí nígbà tí ó ń yá owó ṣì wà níbẹ̀, ó ní kí ó máa wà níbẹ̀. Àwọn yòókù tún yá òmíràn. Ọ̀kan nínú wọn kó ẹrù rẹ̀ l'óru, ó sọdá sí Nàìjíríà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n wá owó, owó arábìnrin wa ni wọ́n rí. Ó ń sunkún pé, "Mi ò yá kọ́bọ̀!" Òótọ́ ni, kò yá a. Ṣùgbọ́n ìwé l'ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe omijé.

Ìwé Òwe orí 22 kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tí ń ṣe onígbọ̀wọ́ láì ní ohun tí yóò fi san, pé wọ́n lè gba ibùsùn l'ábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà náà sì ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri arábìnrin wa lanu, òun kò sì mọ̀.

Nítorí náà, ará, ẹni kan tì í, ó jìyà. Ẹni kan fi í sílẹ̀, ó jìyà. Ìṣòro náà kò sí lára ìlẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà l'ó wà.

4. OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN WÁ

Ẹ ṣí Àwọn Ọba Kejì orí 4. Opó kan ni. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn wòlíì, ó bẹ̀rù Olúwa, síbẹ̀ ó kú sínú gbèsè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹni tí ó jẹ gbèsè kò gbàdúrà tó. Olówó dé, ó fẹ́ kó ọmọ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Èlíṣà kò fún un l'ówó. Ó bi í pé kí l'ó wà n'ílé. Ìkòkò òróró kékeré kan l'ó kù. Wòlíì ní kí ó lọ yá àwọn ohun èlò òfìfo l'ọ́wọ́ aládùúgbò, kí ó wọlé, kí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó máa dà á.

Ẹ kíyè sí i: ìlẹ̀kùn wà ní títì nígbà tí òróró ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà kò bá ṣí i mọ́, ta ni ì bá ra òróró náà? Ìgbà kan wà láti tì í, ìgbà kan sì wà láti ṣí i. Títì kì í ṣe ìwà mímọ́ fúnra rẹ̀, ṣíṣí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ tún wo ẹsẹ 7. Ohun mẹ́ta ni wòlíì pa l'áṣẹ: kí ó tà, kí ó san, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ nínú èyí tí ó kù. Àwa a máa dúró síbi kejì. A tà, a san, a jó. Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó ń sá fún wa, èyí tí ó kù tí ó yẹ kí ó wà n'ílé.

Jésù Olúwa wa sì sọ nínú Mátíù orí 12 nípa ẹ̀mí àìmọ́ tí ó jáde kúrò l'ára ènìyàn. Nígbà tí ó padà, ó bá ilé náà l'ófìfo, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti ṣe é l'ọ́ṣọ̀ọ́. Ó wá lọ mú méje mìíràn tí ó burú ju òun lọ. Ará, gbèsè ní irú ìwà yẹn. Ìwé tí a tì pa, tí kò sí owó pamọ́ kankan ní ipò rẹ̀, ilé òfìfo ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí arákùnrin wa nìyẹn. Kò ṣẹ̀ nípa títì í. Ó ku díẹ̀ káàtó nípa pé kò sí ohun tí ó fi dípò rẹ̀, àwa tí a sì rán an kò bi í.

5. OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA MỌ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. L'áyé àtijọ́, ẹni tí ó yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, kò dín owó náà kù. Ọjọ́ tí a bá ka owó gan-an pé níwájú ẹlẹ́rìí ni ìwọ̀fà tó di òmìnira. Bí owó bá pẹ́ jù, olówó a máa rán ológò lọ dógò sí ilé onígbèsè. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa bú ilé, yóò máa pa adìyẹ wọn jẹ, títí wọn yóò fi rí owó san.

Kí ni a rí kọ́ níbẹ̀? Àwọn bàbá wa kò gbà pé gbèsè tán nítorí pé ẹnìkan wí bẹ́ẹ̀ l'ẹ́nu. Ẹlẹ́rìí ní láti wà. Ìwọ̀fà ní láti fi ojú gbogbo ènìyàn padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ìparí gbèsè ní ètò.

Àwọn àgbà kan nínú wa sì ní ìdí tí wọn kò fi fẹ́ kí owó wọn wà n'íbòmíràn. Wọ́n rántí ọdún 1988 àti 1989, nígbà tí báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Benin dojú dé, tí ènìyàn ní owó nínú ìwé tí kò sì rí i gbà. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, nǹkan ti yí padà. Ẹgbẹ́ FECECAM, tí ó kó àwọn CLCAM jọ, bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ní ọdún 2014, BCEAO ní kí èlé báńkì má ju 15 nínú 100 l'ọ́dún, kí ti àwọn ilé ìfowópamọ́ kéékèèké má sì ju 24 nínú 100.

Ẹ fi èyí wé ẹni tí ń yáni l'ówó l'ábẹ́lé, tí ó ní kí o mú 1,000 sẹ́fà wá l'óṣooṣù lórí 10,000. Ó dà bí ohun kékeré. Ẹ kà á: oṣù méjìlá, 12,000. O ti san ju owó tí o yá lọ, 10,000 náà sì wà níbẹ̀ tí ó ń wò ọ́. Ìwọ̀fà nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú ti ibi tí èlé rẹ̀ kéré, kí ó má baà jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìwọ̀fà ni yóò sá lọ ní ọjọ́ ìpọ́njú.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Bassila àti Manigri, a máa sọ pé ẹ̀sìn àwọn kọ èlé. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin Mósè náà kọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì l'áàrin ara wọn, Nehemáyà sì bá àwọn ìjòyè wí ní orí 5 nítorí wọ́n gba oko àti ọgbà àwọn arákùnrin wọn nítorí gbèsè.

6. BÍ A Ó TI ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ọ́ kí ọmọdé pàápàá lè gbọ́.

Èkíní, gba ìwé. Ní ọjọ́ tí o bá san tán, má ṣe kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ sí, tí wọ́n lu òǹtẹ̀, pé kò kù kọ́bọ̀ l'ọ́rùn rẹ. Bí o bá fi ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ọ̀kadà dúró, gbà á padà l'ójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni l'ábẹ́lé l'o yá owó rẹ̀, mú ẹlẹ́rìí méjì lọ.

Èkejì, yọ orúkọ rẹ kúrò nínú onígbọ̀wọ́. Bí o bá fẹ́ tún ṣe é fún ẹlòmíràn, kí ó jẹ́ pé wọ́n tún bi ọ́, o sì tún gbà. Má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ àná máa fi àmì sí ìwé ọ̀la.

Ẹ̀kẹta, ya gbèsè sọ́tọ̀ kúrò l'ára ìfowópamọ́. Ohun tí àwa kò mọ̀ l'ọ́jọ́ tí a wàásù nìyí. Ìwé gbèsè àti ìwé ìfowópamọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. O lè ti èkíní kí o sì fi èkejì sílẹ̀. Jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, máa fi owó pamọ́, má yá nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin, wo ohun tí ó ń ná ọ. Bèèrè bóyá wọ́n ń yọ owó l'óṣooṣù lórí ìwé tí o kò lò. Bí kò bá ná ọ ní nǹkan kan, kò sí ìkánjú. Bí ó bá ń jẹ owó rẹ bí ikán ti ń jẹ igi, tì í.

Ẹ̀karùn-ún, wo ọkàn rẹ. Arábìnrin wa ní, "Mo mọ ara mi." Ẹni tí ó mọ̀ pé bí owó bá ti wà ní àrọ́wọ́tó òun, òun yóò nà án fún aṣọ ẹbí àti ìnáwó ìsìnkú, kí ó tì í pa. Kí ó má ro ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n yóò sọ. Ó sàn kí ènìyàn fi ọ̀nà kan sílẹ̀ ju kí ọ̀nà náà gbé e lọ sí ibi ègbé.

Ẹ̀kẹfà, mọ̀ pé orúkọ rere ń rìn. Ní ọdún 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA fi ẹnu kò sí òfin lórí ilé ìwé-ẹ̀rí gbèsè, tí a ń pè ní BIC. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016. Báńkì àti ilé ìfowópamọ́ ń kó ìtàn bí ènìyàn ti ń san gbèsè rẹ̀ lọ síbẹ̀, nígbà tí oníbàárà bá ti fi ọwọ́ sí i. Oníbàárà sì ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kí ó sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí ó bá ṣì wọ́n. Nítorí náà, ọdún mẹ́fà tí arákùnrin wa fi san owó l'áìyẹ̀, ohun ìní ni. Àwa ni a sọ fún un pé kí ó gbọn ọ́n dànù bí eruku.

Èkeje, ṣọ́ fóònù rẹ. Gbèsè kan ti dé báyìí tí kò ní ilé, tí kò ní tábìlì, tí ó ń fi orí fóònù pè ọ́ l'óru pé, "Tẹ nọ́ńbà yìí, owó yóò wọlé." Òun ni kí a kọ́kọ́ tì. Òun ni kò bi ọ́ pé kí l'o fẹ́ fi ṣe. Má ṣe fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ han ẹnikẹ́ni, kódà ọmọ tí o bí nínú ara rẹ, nítorí orúkọ rẹ ni gbèsè náà yóò jẹ́.

Ẹ̀kẹjọ, sọ fún ilé rẹ. Kí ọkọ mọ ìwé tí ìyàwó ní, kí ìyàwó mọ ti ọkọ. Opó inú Ìwé Mímọ́ rí ohun tí ó rí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí mọ́. Ìwé tí o fi sílẹ̀ ní ṣíṣí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ìwọ kò bá sí.

7. FÚN ÀWỌN ỌMỌ WA NÍ ÒKÈ ÒKUN

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà a máa bi wá nípa káàdì gbèsè. Wọ́n ní, "A ti san án tán, ṣé kí a gé káàdì náà?" Nǹkan tiwọn ní ìrìn tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí.

Níbẹ̀, nọ́ńbà kan wà tí ń sọ irú ẹni tí o jẹ́ fún olówó. Èyí tí FICO ń ṣe l'ó gbajúmọ̀ jù. Nínú 100, bí o ti ń san gbèsè kó 35, iye tí o jẹ kó 30, bí ìtàn rẹ ti pẹ́ tó kó 15. Wọ́n a máa wo iye tí o jẹ ní ìdàkejì iye tí wọ́n gbà ọ́ láyè láti jẹ. Ká ní o ní káàdì méjì, ọ̀kan gba 4,000 dọ́là, èkejì gba 1,000, o sì jẹ 500 lórí kékeré. 500 nínú 5,000, 10 nínú 100 ni. Bí o bá ti ńlá pa, ó di 500 nínú 1,000. Ó di 50 nínú 100 l'ọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni o kò yá nǹkan tuntun. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ibẹ̀ fi ń sọ pé kí a má kánjú ti èyí tí ó pẹ́, pàápàá bí a bá fẹ́ yá owó ilé l'áìpẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù má bà yín jù. Káàdì tí a tì pa pẹ̀lú orúkọ rere lè wà nínú ìwé ìtàn yín títí dé ọdún mẹ́wàá. Bí káàdì náà bá ń gba owó ńlá l'ọ́dọọdún, tàbí bí ó bá ń dán yín wò, ẹ tì í. Nọ́ńbà tí ó lọ sílẹ̀ lè tún gòkè. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ fi ra ohun kékeré l'ẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ san án tán l'óṣù náà gan-an, torí káàdì tí a kò lò rárá, báńkì fúnra rẹ̀ lè tì í. Kí ẹ má sì ti gbogbo rẹ̀ l'ọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní Benin níhìn-ín, a kò tíì máa lo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún gaàrí àti epo. Kí ẹnikẹ́ni ní Manigri má fi ìmọ̀ràn Amẹ́ríkà ba ara rẹ̀ nínú jẹ́. Oko kálukú ní bí a ti ń ro ó.

8. ÌDÁHÙN TÍ A FÚN ARÁBÌNRIN WA

Ní ọjọ́ kẹta, a pè é. A kò sọ fún un pé, "Olúwa wí pé tì í." A bi í l'éèrè bí Èlíṣà ti bi opó: kí l'ó wà n'ílé? Kò sí ju ọjà kékeré rẹ̀ lọ. A bi í pé ta l'ó ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ṣì ń ṣe é. A bi í pé ṣé ó fẹ́ òmíràn nítorí ọjà ni, àbí nítorí pé wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Nítorí pé wọ́n fi lọ̀ mí ni."

Ìdáhùn náà ti jáde l'ẹ́nu ara rẹ̀. Ó padà lọ, ó gba ìwé tí ó sọ pé gbèsè rẹ̀ tán. Ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn márùn-ún, inú sì bí àwọn méjì nínú wọn sí i. Ṣùgbọ́n kò ti ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀. Iye tí ó ń san fún gbèsè l'óṣooṣù, ó ń gbìyànjú láti fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ sínú ìwé ara rẹ̀. Oṣù kan ó rí i ṣe, oṣù kan kò rí i ṣe. A kò lè sọ pé gbogbo nǹkan ti di rere. Àwọn obìnrin méjì yẹn kò tíì kí i dáadáa l'ọ́jà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé òun ń sùn.

Arákùnrin wa ti Bassila náà ti gba oko rẹ̀ padà. Ó ti tún wọ ẹgbẹ́ bí ẹni tuntun. Nígbà tí ó kó kajú àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde l'ẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó mú ìdá mẹ́wàá wá, ojú sì tì wá láti gbà á. Òun l'ó rẹ́rìn-ín, tí ó ní kí a gbà á.

Ẹ̀yin ará, gbèsè kan wà tí a kò lè san tán láé, Pọ́ọ̀lù sì fi í hàn wá nínú Rómù 13: gbèsè ìfẹ́ sí ara wa. Ìwé tirẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má tì pa. Àwọn gbèsè yòókù, kí a san wọ́n, kí a gba ìwé wọn, kí a sin wọ́n jinlẹ̀.

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run wa, ìwọ tí o fi òróró díẹ̀ tú opó sílẹ̀, bojú wo àwọn tí ó wà l'ábẹ́ àjàgà olówó ní Bassila, ní Manigri àti n'íbi gbogbo. Fún wa ní iṣẹ́ tí a ó fi san, fún wa ní ọgbọ́n tí a kò fi ní padà síbẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ni, má jẹ̀ẹ́ kí a fi ìtara wa di ẹrù lé àwọn àgùntàn rẹ l'órí. L'órúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

ORIN ÌPARÍ

Olúwa, ìwọ l'ó sọ ẹrù mi,
Má jẹ̀ẹ́ kí n padà gbé e;
Kọ́ mi l'ọ́jọ́ tí n ó ṣí 'lẹ̀kùn,
Kọ́ mi l'ọ́jọ́ tí n ó tì í.

Bí ilé mi ṣófo, wá kún un,
Bí ọwọ́ mi kúrú, nà án;
Ohun tí ó kù l'ọ́wọ́ mi, Bàbá,
L'èmi àt'ọmọ ó máa jẹ.

Àmín, Àmín, Àmín.